Ẹni tí À Ń Sanwó fún Kó Gbọ́ Tẹnu Wa: Ẹ̀kọ́ lórí Iṣẹ́ Agbaninímọ̀ràn Aládàáni

 

Ẹ̀kọ́ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe èyí tí a ti pinnu tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn ìpàdé wa tó kọjá, bí a ti ń ká ẹní nílẹ̀, ìyá kan láàrin wa fi bébà tí ó ká sí mẹ́rin lé wa lọ́wọ́, ó ní ká má ṣe kà á lójú èrò. A kà á nígbà tí a délé. A ti gbàyè lọ́wọ́ rẹ̀ kí a tó kọ ohun tí ẹ ń kà yìí, a sì ti yọ ohun tí ẹnikẹ́ni lè fi dá a mọ̀ kúrò níbẹ̀. Nítorí náà, ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má wulẹ̀ máa ka ìyá tó ń ta aṣọ láàrin wa lórí ìka.

Ṣọ́ọ̀bù ìyá yìí wà lára àwọn tí iná jó nígbà rògbòdìyàn tó bẹ́ sílẹ̀ ní Kàdúná níbí ní oṣù kejì ọdún 2000. Ó ti pẹ́. Ó ti gba ṣọ́ọ̀bù mìíràn, àwọn ọmọ ti jáde ní yunifásítì, ó ti lọ sí Mẹ́kà, ó ti dé. Síbẹ̀, bí àwọn ọmọ àdúgbò bá dáná sun pàǹtí, tí èéfín táyà fẹ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, àyà rẹ̀ á máa lù kìkìkì, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n, á ti ṣọ́ọ̀bù ní aago mẹ́wàá àárọ̀, á gbalé lọ. Bí ìbò bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, kì í sùn mọ́. Ó ti gbàdúrà, ó ti mu omi wàláà, wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ wò ní ọsibítù, wọ́n ní ara rẹ̀ le. Ọmọ rẹ̀ obìnrin wá sọ fún un pé òun ti rí agbaninímọ̀ràn kan nígboro, ẹni tó gba ọ́fíìsì tara rẹ̀, tí èèyàn ń lọ bá jókòó sọ̀rọ̀ fún nǹkan bíi wákàtí kan, tí á sì sanwó. Àwọn ọmọ wa ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní kánsẹ́lọ̀ tàbí tẹ́rápíìsì.

Ìbéèrè mẹ́rin ni ìyá wa kọ sílẹ̀. Ṣé kì í ṣe àwọn tí orí wọn ti dàrú ló ń lọ síbẹ̀? Ṣé ọ̀rọ̀ òun ò ní jáde? Ṣé kò ta ko ẹ̀sìn? Èyí tó sì fa ìlà sí nísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ni pé: kí gan-an ni à ń sanwó rẹ̀, nígbà tí wọn kò fúnni lóògùn, tí wọn kò gúnni lábẹ́rẹ́?

Ẹ jẹ́ ká ti ibi tó fa ìlà sí bẹ̀rẹ̀.

Nílé lọ́hùn-ún, èyí tó dàgbà nínú wa rántí bí ọ̀rọ̀ ṣe ń rí lágboolé. Bí nǹkan bá wúwo lọ́kàn ẹni, ẹnì kan á wà tí à ń pè ní Ìyá Àgbà tàbí Bàbá Kékeré, tí yóò gbé àga rẹ̀ síta ní ìrọ̀lẹ́. Èèyàn á lọ jókòó tì í bí ẹni tí kò ní nǹkan kan í sọ, títí ọ̀rọ̀ á fi bọ́. Kò sẹ́ni tó ń sanwó. Àwa tí a wà lájò ti fi irú àga bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ nílé. Ẹni tí a lè bá sọ̀rọ̀ níhìn-ín ni ẹni tí a jọ ń dá àjọ, tí a jọ ń lọ sí asalátù, tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ń wo ọmọ wa obìnrin. Ojú kan náà ni gbogbo wa ń rí láti Àtìní títí dé Àìkú. A kò gbàgbé ọ̀rọ̀ tọkọtaya kan tó wá sí ọwọ́ àgbààgbà méjì ní ọjọ́ Sátidé kan, tó sì ti dé Ìlọrin àti Ògbómọ̀ṣọ́ kí Jímọ̀ tó ń bọ̀ tó pé. Kò sí ẹni tó ní èrò ibi nínú wọn. Ẹnì kan sọ fún ìyàwó rẹ̀ kó lè bá wọn gbàdúrà ni, ìyàwó sọ fún àbúrò, àbúrò ní fóònù lọ́wọ́. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti pa ẹnu mọ́. Ẹ ò rí i pé nǹkan bí ọdún mẹ́ta rèé tí kò sẹ́ni tó gbé ọ̀rọ̀ ilé rẹ̀ wá fún ìgbìmọ̀ wa mọ́, bí ẹni pé gbogbo ilé ló tòrò.

Ohun àkọ́kọ́ tí à ń sanwó rẹ̀ nìyí: etí tí kò bá wa tan, tí kò bá wa ṣọjà, tí kò ní ẹnu nínú ọ̀rọ̀ náà. Ohun kejì ni ìmọ̀ tí a fi kọ́ etí náà.

Orúkọ tí a ń pè é lédè wa fẹ́ ṣi wá lọ́nà díẹ̀. A ní agbaninímọ̀ràn, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn ni ohun tí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà dájú kì í sábà fúnni. Àwa Yorùbá, bí a bá gbé ọ̀rọ̀ lọ bá àgbà, a fẹ́ kó sọ pé, “Padà sílé, ṣe báyìí báyìí.” Ẹni tó bá lọ sí ọ́fíìsì yìí pẹ̀lú èrò bẹ́ẹ̀ á kọ́kọ́ bínú. Ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Carl Rogers, tó kọ ìwé ńlá kan lórí iṣẹ́ yìí ní 1942, ló là á mọ́lẹ̀ jù lọ pé ẹni tó ni ẹrù ló mọ ibi tó ti ń ro òun. Iṣẹ́ ẹni tó ń gbọ́ ni pé kó gbọ́ dé ìdí, kó má ṣe dá ẹni náà lẹ́bi, kó má sì díbọ́n níwájú rẹ̀. Ó dà bí ohun kékeré. Ẹ dán an wò nílé yín lónìí: ẹ jẹ́ kí ọmọ yín sọ ohun tó ń dùn ún fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ má já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀, kí ẹ má sọ ohun tí ojú ti yín rí nígbà tí ẹ wà ní ọjọ́ orí rẹ̀. Àwa dán an wò. A ò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta.

Báwo ni inú ọ́fíìsì náà ṣe rí? Àga méjì tàbí mẹ́ta, tábìlì kékeré, bébà ìnujú, aago tí àwọn méjèèjì lè rí. Ìjókòó kan sábà máa ń gbà tó ìṣẹ́jú 50, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ọjọ́ àkọ́kọ́, ìbéèrè ló máa ń pọ̀: ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀, báwo ni oorun ṣe rí, ṣé oúnjẹ ń lọ, oògùn wo lẹ ń lò, ta ló wà lọ́dọ̀ yín nílé, irú ohun wo ló ti ṣẹlẹ̀ sí yín rí. Á tún béèrè, láìfi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n, bóyá ó ti wá sí yín lọ́kàn rí pé kí ẹ fọwọ́ ara yín pa ara yín. Ẹ má jẹ́ kí ìbéèrè yìí já yín láyà, ẹ má sì rò pé ó ń ṣépè. Àwọn tó ti wádìí rẹ̀ rí i pé bíbéèrè kì í fi irú èrò bẹ́ẹ̀ síni lọ́kàn. Ẹni tí ó ti ń gbé e kiri tẹ́lẹ̀ ló máa ń rí àyè sọ ọ́ kalẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni wọn yóò jọ fẹnu kò sí ohun tí wọ́n ń wá. Kì í ṣe “kí ọkàn mi balẹ̀,” nítorí a ò lè fi òṣùwọ̀n wọn ìyẹn. Fún ẹni bí ìyá wa, ó lè jẹ́ pé, “Mo fẹ́ lè dúró sí ṣọ́ọ̀bù títí di aago mẹ́rin fún ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, bí èéfín tilẹ̀ ń rú.” Èyí ni wọn yóò máa wò bóyá ó ń ṣẹlẹ̀ tàbí kò ṣẹlẹ̀.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣiṣẹ́ pọ̀, a ò sì ní lè sọ gbogbo rẹ̀. Ọ̀kan tó gbilẹ̀ jù ni èyí tí dókítà ọpọlọ kan, Aaron Beck, bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní nǹkan bí 1960 sí 1970. Ó ṣàkíyèsí pé àwọn tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn bá mú máa ń ní ọ̀rọ̀ kan tó ń yára kọjá lọ́kàn wọn kí wọ́n tó mọ̀: “Mi ò wúlò,” “Gbogbo rẹ̀ ló máa bàjẹ́.” Ó kọ́ wọn kí wọ́n mú ọ̀rọ̀ náà, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n wá bi í léèrè bí adájọ́ ṣe ń bi ẹlẹ́rìí: ẹ̀rí wo lo ní? Irú ìtọ́jú yìí kì í lọ títí láé. Ó sábà máa ń wà láàrin ìjókòó 6 sí 20. Iṣẹ́ àṣetiléwá sì wà níbẹ̀, bíi ti ilé kéwú, ẹni tí kò bá ṣe é kò ní tètè rí èrè.

Ní ti ìpayà tó ń bá ìyá wa jà, ẹ jẹ́ ká fi máígádì ṣe àpẹẹrẹ. Olè ja ilé kan lẹ́ẹ̀kan, máígádì ibẹ̀ sì fara gbá nínú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà lọ, bí ológbò bá fò lórí páànù, á fọn fèrè, gbogbo ilé á jí. Kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe wèrè. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe ju bó ti yẹ lọ. Apá kan wà nínú ọpọlọ wa tó jẹ́ máígádì lóòótọ́, tó ń ṣọ́ ewu kí àwa fúnra wa tó ronú. Ẹni tó bá ti rí ohun tí ojú kò gbọdọ̀ rí, máígádì inú rẹ̀ lè máà padà sùn mọ́. Ìlù àyà, àlá burúkú, àìlèsùn, sísá fún ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀ àti ohun tó bá jọ ọ́, gbogbo rẹ̀ ń bọ̀ láti ibẹ̀. Ní 1980, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó ti Vietnam dé ti jìyà rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ni àwọn dókítà ọpọlọ ibẹ̀ fún un ní orúkọ nínú ìwé àìsàn wọn. Àwa tí a wà ní Kàdúná ní 2000 àti ní 2011, àti àwọn ará wa tí wọ́n wà ní Jọ́ọ̀sì ní 2001, kò ṣẹ̀ṣẹ̀ yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé rẹ̀ fún wa. Ohun tí a ò mọ̀ ni pé ó ní ìtọ́jú. Agbaninímọ̀ràn tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ á kọ́ èèyàn bí a ṣe ń mí kí ara tó rọlẹ̀, á mú un padà sínú ìtàn náà díẹ̀díẹ̀ níbi tí ewu ò sí, á sì mú un lọ sí ohun tó ń bà á lẹ́rù ní àtẹ̀gùn kékeré kékeré, títí máígádì á fi gun orí páànù tí á sì rí i pé ológbò ni. Ẹ má ṣe fipá dán èyí wò fún ara yín tàbí fún ìyàwó yín. A mọ ọkọ kan tó fa aya rẹ̀ lọ sí ibi tí ilé wọn ti jó, ó ní kí ó wò ó kí ẹ̀rù lè kúrò lára rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ni obìnrin náà kò fi jẹun dáadáa.

Ó kàn wá sí ìbéèrè wèrè. Ibi tí èrò yìí ti wọlé sí wa lára kò ṣòro láti mọ̀. Nígbà tí ìjọba òyìnbó ṣí ilé àwọn tí orí wọn dàrú sí Yábàá ní Èkó ní 1907, ibi ìhámọ́ ló jẹ́ ju ibi ìtọ́jú lọ. Ẹni tí wọ́n bá gbé lọ síbẹ̀, ẹbí ti sunkún rẹ̀ tán. Àwa náà sì ti máa ń wí pé wèrè dùn ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Ọmọ Abẹ́òkúta ló yí ọ̀rọ̀ náà padà. Dókítà Thomas Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Àrò ní 1954: àwọn aláìsàn ń gbé láàrin àwọn ará abúlé tó yí ọsibítù ká, ìbátan kan wà lọ́dọ̀ oníkálukú wọn, wọ́n ń wá gba ìtọ́jú lójúmọmọ, wọ́n ń padà sílé. Gbogbo ayé ló wá kọ́ ọ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ agbaninímọ̀ràn pàápàá kò ti ọ̀dọ̀ alárùn ọpọlọ wá lọ́dọ̀ wa. Ilé ìwé ló ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1959, àwọn sísítà Kátólíìkì tó ń darí St. Theresa's College ní Òkè-Àdó, Ìbàdàn, rí i pé àwọn ọmọbìnrin tó fẹ́ jáde kò mọ iṣẹ́ tí wọ́n lè ṣe. Wọ́n pe nǹkan bí 20 ọ̀jọ̀gbọ́n lẹ́nu iṣẹ́ wá bá wọn sọ̀rọ̀. Nínú ọmọ 60 tó jáde lọ́dún náà, 54 ló rí iṣẹ́. Ní 1976 ni àwọn onímọ̀ iṣẹ́ náà dá ẹgbẹ́ tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí CASSON sílẹ̀. Nítorí náà, ìyá wa, ẹni tó ń lọ bá agbaninímọ̀ràn lè jẹ́ ẹni tí oorun kò kùn, ẹni tí ọkọ rẹ̀ kú, tọkọtaya tí kò lè sọ̀rọ̀ láìjà, ọmọ tó fìdí rẹmi ní JAMB lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹni tó bá ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn ò gbọ́, tàbí tí kò mọ ara rẹ̀ mọ́, dókítà ọpọlọ ló yẹ kó kọ́kọ́ rí, nítorí òun ló lè kọ oògùn. Agbaninímọ̀ràn kì í kọ oògùn. Bí ó bá kọ ọ́, ẹ dìde.

A ti débi àṣírí, a ó sì dúró díẹ̀ níbẹ̀, nítorí òun ni ọ̀pá tó gbé gbogbo ilé náà ró.

Òfin iṣẹ́ wọn ni pé ọ̀rọ̀ inú yàrá kò gbọdọ̀ jáde. Kò gbọdọ̀ sọ fún ọkọ yín, kò gbọdọ̀ sọ fún lèmọ́mù, kò tilẹ̀ gbọdọ̀ jẹ́wọ́ pé ẹ wá rí. Ìwé tó bá kọ sílẹ̀, inú àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́ ló ń gbé. Bí ẹ bá pàdé rẹ̀ lọ́jà, ó lè má kí yín àyàfi bí ẹ bá kọ́kọ́ kí i. Kì í ṣe ìgbéraga, kí ẹni tó bá yín rìn má baà béèrè ibi tí ẹ ti mọra ni. Kì í wá sí ìkómọ yín, kì í yá yín lówó, kì í bá yín dá àjọ, kì í fẹ́ yín. Bí ẹ bá jẹ́ ìbátan rẹ̀, á ní kí ẹ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ náà bó ti yẹ tún ní ọ̀gá tàbí ẹlẹgbẹ́ kan tó dàgbà jù ú lọ lẹ́nu iṣẹ́, tó ń lọ bá jíròrò ohun tó bá rú u lójú, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n àṣírí náà ní ibi tó mọ, ọjọ́ àkọ́kọ́ ló sì yẹ kó ti sọ ọ́ fún yín. Bí ó bá hàn pé ẹ fẹ́ gba ẹ̀mí ara yín, tàbí ẹ fẹ́ pa ẹlòmíràn lára, kò lè dákẹ́. Bí wọ́n bá ń ṣe ọmọdé níṣekúṣe tàbí wọ́n ń lù ú ní ìlù ìkà, kò lè dákẹ́. Bí ilé ẹjọ́ bá sì pàṣẹ, ọ̀rọ̀ di ti òfin. Yàtọ̀ sí ìwọ̀nyí, ẹnu rẹ̀ gbọdọ̀ dí. Òfin ìlera ọpọlọ tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2023, tó rọ́pò òfin wèrè tí a jogún lọ́wọ́ òyìnbó, fún ẹni tó ń gba ìtọ́jú ní ẹ̀tọ́ sí àṣírí rẹ̀.

Nǹkan kan wà tí a ò rí kí ẹnikẹ́ni máa sọ, tó sì kan àwa tí a wà lájò jù: èdè. Èdè wo ni ẹ fi ń sunkún? Àwọn ọmọ wa lè fi Haúsá tàbí òyìnbó sọ ohun tó wà nínú wọn. Àwọn ìyá wa lè fi Haúsá tajà láti àárọ̀ dalẹ́, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá dé inú egungun, Yorùbá ló ń jáde. Bí ẹ bá ti fẹ́ ṣètò, ẹ béèrè èdè tí agbaninímọ̀ràn náà gbọ́. Bí ògbufọ̀ bá pọn dandan, kí ó má ṣe jẹ́ ọmọ yín. Kò sí ìyá tí yóò lẹ́nu sọ gbogbo ohun tó rí lóru ọjọ́ náà láti ẹnu ọmọ rẹ̀. Nísinsìnyí tí ọ̀pọ̀ wọn ti ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù, pàápàá láti 2020 tí àrùn kòrónà dé, èèyàn lè wà ní Kàdúná kó máa bá ẹni tó wà ní Ìbàdàn sọ̀rọ̀, bí ó bá ti ní yàrá tó lè tì àti nẹ́tíwọọ̀kì tí kì í já.

Ní ti ẹ̀sìn, àwọn kan máa ń sọ pé ẹni tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ bá pé, ọkàn rẹ̀ kò ní dàrú. A bọ̀wọ̀ fún wọn, a ò sì gbà pẹ̀lú wọn. Ọ̀mọ̀wé Mùsùlùmí kan tó ń jẹ́ Abu Zayd al-Balkhi, ọmọ ìlú Balkh tó wà ní Afghanistan òde òní, tó kú ní ọdún 934, kọ ìwé kan lórí àlàáfíà ara àti ti ẹ̀mí. Ó ti ya ìbànújẹ́ sí oríṣi méjì láti ìgbà náà: èyí tí a mọ ohun tó fà á, àti èyí tí a ò rí ìdí rẹ̀, tó lè jẹ́ pé inú ara ló ti wá. Ó ní bí èèyàn ti ń tọ́jú oògùn pamọ́ sílé de àìsàn òjijì, bẹ́ẹ̀ ni kó máa tọ́jú èrò rere pamọ́ nígbà tí ara rẹ̀ yá, de ọjọ́ tí ìdààmú bá dé. Ẹgbẹ̀rún ọdún ṣáájú Beck nìyẹn. Ní ìgbà tiwa, Malik Badri, ọmọ Sudan tó kú ní 2021, túmọ̀ apá kan ìwé náà sí òyìnbó. Òun kan náà ló ti kìlọ̀ láti 1979 pé kí àwọn Mùsùlùmí tó ń kọ́ ìmọ̀ yìí má gbé gbogbo ohun tí òyìnbó bá sọ mì láìjẹ ẹ́ lẹ́nu. A fara mọ́ ọn. Obìnrin ní ẹ̀tọ́ láti béèrè obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé òun ní láti kírun kí àkókò tó kọjá. Bí agbaninímọ̀ràn bá ń fi ẹ̀sìn yín ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ wá ẹlòmíràn. Kò sí ohun tó sọ pé èèyàn ò lè lọ gba àdúrà lọ́dọ̀ àlùfáà ní Àlàmísì kó sì lọ sí ọ́fíìsì yìí ní Àtàláátà. Ẹni tí a ó sá fún, ìbáà wé láwàní, ìbáà so táì, ni ẹni tó bá ní kí ẹ da oògùn tí dókítà fún yín nù.

Kí a tó jókòó níwájú ẹnikẹ́ni, ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Pátákó orí ilé kò ní kí èèyàn di agbaninímọ̀ràn. Ẹ béèrè ibi tó ti kàwé, ohun tó kà, ẹgbẹ́ oníṣẹ́ tó wà, ta ni ọ̀gá tó ń bá jíròrò iṣẹ́. Ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe kò ní bínú, á ti máa retí rẹ̀. Ẹ béèrè owó kí ẹ tó wọlé: èló ni ìjókòó kan, ṣé ẹ lè san díẹ̀ bí ọwọ́ yín bá kúrú, kí ló ṣẹlẹ̀ bí ẹ ò bá lè wá. Ẹ rántí pé ìjọba kọ́ ló ń sanwó oṣù fún un. Owó yín yìí ló fi ń san háyà, tó fi ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá sọ ọ̀nà nù láìsọ tẹ́lẹ̀, ó lè gba owó ọjọ́ náà, kì í ṣe jìbìtì. Jìbìtì ni kó ní ọjọ́ mẹ́ta ni òun fi ń wo ohun tó ti bá yín gbé ogún ọdún. Kó sọ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn fún yín, kódà láìdárúkọ, kó lè fi ìmọ̀ rẹ̀ hàn, ẹ mọ̀ pé tiyín ló kàn. Kó máa gbé fóònù nígbà tí ẹ ń sọ̀rọ̀, kó máa fọwọ́ kàn yín lára, kó fẹ́ ta nǹkan fún yín: ẹ má padà lọ mọ́.

Ẹni tí kò bá lówó rẹ̀ ńkọ́? Ọsibítù ìjọba àpapọ̀ fún àìsàn ọpọlọ wà ní Barnawa níbí, àwọn yunifásítì sì ní ẹ̀ka agbaninímọ̀ràn fún àwọn ọmọ wọn. Ní Zimbabwe, Dókítà Dixon Chibanda bẹ̀rẹ̀ ohun kan ní 2006 tó yẹ kí ẹgbẹ́ wa gbọ́. Dókítà ọpọlọ kò tó nǹkan níbẹ̀, ó bá kó àwọn ìyá àgbà jọ ní Harare, ó kọ́ wọn bí a ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àti bí a ti ń tú ìṣòro palẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó gbé bẹ́ǹṣì onígi fún wọn síta ilé ìwòsàn. Ìyá àgbà àti ẹni tí ìrònú ń dà láàmú á jọ jókòó lórí rẹ̀ fún ìgbà bíi mẹ́fà. Ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 2016 fi hàn pé ó ṣiṣẹ́. A ti fi èyí sínú ohun tí a ó jíròrò ní ìpàdé tó ń bọ̀. Ìbéèrè tí a ó kọ́kọ́ dáhùn níbẹ̀ ni bóyá àwa tí a sọ ọ̀rọ̀ tọkọtaya yẹn dé Ògbómọ̀ṣọ́ lè rí ìyá mẹ́rin tí ẹnu wọn lè dí.

A ti bá ọmọ ìyá wa lọ wo ọ́fíìsì tó rí. A béèrè ibi tí obìnrin tó ni ín ti kàwé, ó mú ìwé ẹ̀rí rẹ̀ jáde láìbínú. Ó gbọ́ Yorùbá, Ẹ̀kìtì ni. Ìyá wa ní ọjọ́ Àlàrùbá ni òun fẹ́, nítorí ọjà kì í fi bẹ́ẹ̀ yá lọ́jọ́ náà. Ó wá ní kí a bá òun béèrè ohun kan sí i: ṣé àga tí òun máa jókòó lé kọjú sí ẹnu ọ̀nà? A padà lọ béèrè. Wọ́n ní ibi tó bá wù ú ni kó gbé àga náà sí.